Fìlà Méjì àti Dùùrù Bàbá Àgbà

Hàlímọ̀ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìgbó-Ọrà ni ilé wọn wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, Hàlímọ̀ dé láti ilé ìwé. Ó jẹun. Ó fọ àwo. Ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń hun fìlà.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìkọ́ kékeré lórí. Ìkọ́ náà á wọlé, á fa òwú, á jáde.

Ṣìn, ṣìn, ṣìn.

Ojú kan. Ojú kejì. Ojú kẹta.

Wúlù aláwọ̀ ewé ni òwú náà. Wúlù wọ́n lọ́jà lọ́dún náà, kò sí ẹni tó ń rà á. Nítorí náà ni Ìyá ṣe mú súwẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ jáde. Ọrùn súwẹ́tà náà ti ya. Ìyá tú apá ọ̀tún rẹ̀.

Fírrrr.

Ó ká wúlù náà róbótó bí bọ́ọ̀lù, ó fi lé Hàlímọ̀ lọ́wọ́.

Fìlà ọmọ tuntun ni Hàlímọ̀ ń hun. Ikùn Ìyá ti tóbi. Ọmọ náà kò ní pẹ́ dé.

Bàbá Àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàlímọ̀. Bàbá Àgbà ló bí bàbá Hàlímọ̀. Ó ń ta dùùrù.

Dùùrù yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Igi ni, ó tẹ̀ bí ọrun. Igbá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Okùn márùn-ún ló wà lára rẹ̀, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á.

Òkè Ọya ni Bàbá Àgbà ti kọ́ ọ. Ó ṣe lébìrà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin. Nígbà tó padà délé, ó gbẹ́ dùùrù yìí fúnra rẹ̀.

Tín, tín, tóòn. Tín, tín, tóòn.

Hàlímọ̀ fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Hàlímọ̀ fẹ́ràn dùùrù. Bí ó bá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á gba dùùrù lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, òun náà á ta á díẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi í pé èwo ló fẹ́ jù, kì í mọ èyí tí yóò mú.

Ní ọjọ́ Àìkú, fìlà parí. Ó rọ̀. Ó dára. Kò sí ojú kan tó wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán, Bàbá Hàlímọ̀ sáré wọlé. Ó ní Ìyá ti bímọ. Ó ní ọmọkùnrin ni. Ó ní ọmọkùnrin méjì ni.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àwọn ọmọ wálé.

Táyé nìyí. Kẹ́hìndé nìyí.

Orí méjì. Fìlà kan.

Ìyá Ọmọ́ṣọlá wá kí wọn. Aládùúgbò wọn ni. Òun ló kọ́ Hàlímọ̀ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Òun náà bí ìbejì. Ìyá rẹ̀ bí ìbejì. Lójú ọ̀nà wọn, ilé mẹ́rin ló ní ìbejì.

Ó wo orí méjì. Ó wo fìlà kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Hàlímọ̀, ará ìlú ibo ni ẹ́?" ni ó wí. "Nínú Ìgbó-Ọrà níbí lo jókòó sí tí o hun fìlà kan ṣoṣo?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í díẹ̀.

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì. Ohun tí Táyé bá gbà, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀wù kan náà. Ẹ̀wà kan náà. Fìlà kan náà. Bí ti ọ̀kan bá dára ju ti èkejì lọ, èkejì yóò bínú.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Àlùfáà yóò wá sọ wọ́n lórúkọ. Bí fìlà méjì kò bá bá ara wọn dọ́gba, wọn kò ní dé ìkankan. Fìlà dáradára yẹn yóò kàn wà nínú àpótí ni.

Hàlímọ̀ lọ bá Ìyá. Ó bi í bóyá òun lè tú apá òsì súwẹ́tà náà. Ìyá ní kó tú u. Ó ní ṣùgbọ́n kó rọra ṣe é, nítorí pé apá méjì péré ni súwẹ́tà ní.

Fírrrr.

Ní Ọjọ́rú, Hàlímọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń kánjú. Ṣìnṣìnṣìnṣìn. Ó ń fa òwú le, ó ń fa òwú le.

Fìlà parí. Ó kéré.

Hàlímọ̀ mú ọsàn kan, ó dé fìlà náà fún un. Ó bá ọsàn náà mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kì í ṣe ọsàn.

Hàlímọ̀ tú u. Fírrrr.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí fìlà má tún kéré. Ó ń dẹ òwú, ó ń dẹ òwú.

Fìlà parí ní ọjọ́ Ẹtì. Ó tóbi.

Ó dé e fún Kẹ́hìndé. Fìlà bo iwájú orí. Fìlà bo ojú. Fìlà bo imú. Kẹ́hìndé sín.

Hàṣín.

Ìyá ní ó ku àgbọ̀n nìkan tí fìlà kò tíì bò. Lọ́tẹ̀ yìí, Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ó tú u. Fírrrr.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wúlù náà ti ń hu irun. Ó ti fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan. Bí wọ́n bá tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò já.

Hàlímọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò hun nǹkan kan. Omijé kan bọ́ sórí wúlù. Pọ́ọ̀.

Bàbá Àgbà wá jókòó tì í. Ó mú fìlà àkọ́kọ́, ó fọwọ́ pa á. Ó ka ojú òwú rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kà á.

"Kí lò ń ṣe nígbà tí o ń hun èyí?" ni ó bi í.

Hàlímọ̀ ronú. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun kàn jókòó ni. Ó ní òun ń hun, òun sì ń gbọ́ dùùrù.

Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo ògiri.

Dùùrù wà lórí ìṣó tí wọ́n gbé e kọ́. Láti ọjọ́ tí àwọn ìbejì ti délé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà kò fẹ́ kí àwọn ọmọ jí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sí tín, kò sí tóòn.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta á," ni Hàlímọ̀ wí.

Bàbá Àgbà mi orí. Ó ní àwọn ọmọ ń sùn.

Hàlímọ̀ rọra wọ yàrá lọ bá Ìyá. Ó sọ ohun tó fẹ́ fún un. Ìyá wo àwọn ọmọ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbọ́ dùùrù yẹn nínú mi," ni ó wí. "Kí ló wá fẹ́ jí wọn?"

Bàbá Àgbà dìde. Ó gbé dùùrù kúrò lórí ìṣó. Ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù. Fúù.

Tín, tín, pà.

Okùn kan já.

Bàbá Àgbà ní okùn mìíràn. Okùn ìpẹja ni, ó wà nínú agolo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò ara igi náà kéré. Ó ti okùn sí ihò, kò wọlé. Ó tún ti í, kò wọlé. Ó ní ojú òun kò rí ihò náà dáadáa mọ́.

Hàlímọ̀ ní kí Bàbá Àgbà dúró ná.

Ó sáré lọ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ti ìkọ́ rẹ̀ bọ ihò láti ẹ̀yìn. Ó fi ìkọ́ mú okùn. Ó fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wéré. Okùn ti wọlé.

Bàbá Àgbà so ó. Ó fà á le. Ó fi ìka kàn án. Tóòn.

"Abẹ́rẹ́ ti ran dùùrù lọ́wọ́," ni Bàbá Àgbà wí. "Ó wá kan dùùrù báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, jẹ́jẹ́.

Tín, ìkọ́ wọlé. Tín, ìkọ́ fa òwú. Tóòn, ìkọ́ jáde.

Tín, tín, tóòn. Ojú kan.

Tín, tín, tóòn. Ojú kejì.

Bí ọwọ́ Hàlímọ̀ bá fẹ́ sáré, dùùrù kì í sáré. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró dè é. Bí ẹ̀rù bá fẹ́ bà á, dùùrù kì í bẹ̀rù. Ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ.

Kò fa òwú le. Kò dẹ òwú jù.

Àwọn àlejò dé láti Ayétẹ̀. Wọ́n ní ẹ kú ewu ọmọ. Bàbá Àgbà dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò dúró. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ṣé ó ti di olórin ni. Bàbá Àgbà ní rárá, fìlà ni òun ń hun.

Àwọn ìbejì kò jí. Táyé kàn yán ni. Kẹ́hìndé kàn na ẹsẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún jókòó. Tín, tín, tóòn. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, Hàlímọ̀ so ìdí òwú. Ó fi ẹnu gé e. Kẹ́.

Ó gbé fìlà kan lé èkejì. Etí wọn pàdé. Kò sí èyí tó yọ síta.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́. Àlùfáà dé. Ó ṣàdúà. Ó pe Táyé ní Àsánì, ó pe Kẹ́hìndé ní Úsẹ́nì. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín.

Ìyá gbé Táyé jáde. Bàbá Hàlímọ̀ gbé Kẹ́hìndé jáde. Àwọn méjèèjì dé fìlà. Fìlà Táyé bo etí rẹ̀ méjèèjì. Fìlà Kẹ́hìndé bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Ọmọ́ṣọlá na ọwọ́ gba àwọn ọmọ náà. Ó gbé Táyé sí apá kan, ó gbé Kẹ́hìndé sí apá kejì. Ó yẹ fìlà wò níwájú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ó ka ojú, ó ń mi orí.

"Hàlímọ̀, èmi tí mo kọ́ ẹ, n ò mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Èwo lo kọ́kọ́ hun?"

Hàlímọ̀ sún mọ́ wọn. Ó wo orí Táyé. Ó wo orí Kẹ́hìndé. Ó tún padà wo orí Táyé.

Ó wò ó títí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́, mà," ni ó wí.

Inú rẹ̀ sì dùn gan-an.