Ẹran Oúnjẹ Ajá Tí Kì Í Ṣá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Noeline Haddrick kò fura sí ohunkóhun. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó sì súfèé. Bí Nugget, ajá rẹ̀, bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni í fò tí í dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ajá tí wọ́n fi ń da màlúù ni, irun rẹ̀ bí eérú, etí rẹ̀ nà ṣánṣán. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, Nugget fò, kò débẹ̀. Àyà ló fi gbá irin ọkọ̀, ó sì ṣubú sínú eruku pupa. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bíi ti ẹni tó ti ilé ọtí bọ̀.

Mervyn, aládùúgbò rẹ̀, tó rẹ́ irun àgùntàn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ń bomi rin kábéèjì nínú ọgbà tirẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Noeline! Kí lo fún ajá yẹn mu? Jọ̀ọ́, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi!"

"Panu ẹ mọ́, Merv. Wá bá mi wò ó."

Mervyn wò ó, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Oòrùn ń ràn, síbẹ̀ dúdú ojú ajá náà fẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan.

"Ejò ni," Mervyn pariwo, nítorí etí Noeline ti di.

"Ejò wo nínú òtútù yìí? Ejò ń sùn."

"Á jẹ́ májèlé tí wọ́n ń dà fún ajá igbó."

"Kò dá jáde nínú ọgbà látọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn mi ló wà."

"Eégbọn ńkọ́?"

"Mo ti tú gbogbo irun ẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀rù ń ba Noeline, ó sì nídìí rẹ̀. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Nugget ni etí rẹ̀. Bí omi tíì bá ń hó, bí ẹnìkan bá dé ẹnu ọ̀nà, ajá yìí á wá fi imú gún un lórúnkún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Brisbane, ìlú ńlá kan ní Ọsirélíà, ti sọ ọ́ láìfi bò: "Màmá, bí Nugget bá wà níbẹ̀, mo lè sùn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, ẹ ó kó wá sọ́dọ̀ mi ni." Noeline ò fẹ́ kú nílé ẹlòmíràn, lórí àjà kẹfà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọmọ náà ń gbé.

Ó gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ Leila Mansour, dókítà ẹranko. Dókítà náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní:

"Ìyá, kí ló ń jẹ?"

"Ẹran. Ẹran gidi, lílọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹran tí ajá ń jẹ."

"Ẹran yẹn nìkan?"

"Ajá kọ́ ni? Àbí ẹ rò pé ehoro ni? Oúnjẹ ajá oníkóró gbígbẹ inú àpò yẹn, igi tí wọ́n rún ni lójú tèmi."

"Ó ti ń bì?"

"Díẹ̀díẹ̀. Ó sì ń ṣẹ́ oúnjẹ kù. Mo rò pé ó ń ṣagídí ni, ni mo bá tún ra púpọ̀ sí i. Ẹran náà dára o, dókítà. Ó pọ́n ju èyí tí èmi fúnra mi ń jẹ."

Dókítà dáwọ́ dúró. "Ọjọ́ mélòó ló fi ń pọ́n, ìyá?"

Noeline ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Kò sí ẹran tí kò mọ ìwà rẹ̀. Àmọ́ kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí.

Dókítà gún Nugget lábẹ́rẹ́, ó sì dá a dúró sọ́dọ̀. Noeline nìkan ló kọrí sílé. Kò sunkún. Ó ya ọ̀dọ̀ alápatà, ó ra ẹran lílọ̀ díẹ̀, ó bù ú sínú àwo kan, ó bu ti ajá sínú àwo kejì, ó sì tì wọ́n mọ́ra nínú fíríìjì. Ó ṣáà fẹ́ mọ̀.

Ojoojúmọ́ ni Mervyn ń wá yọjú. "Ta ló ń borí?" Nígbà tó dọjọ́ kẹta, ẹran tó rà lọ́wọ́ alápatà ti dúdú, ó ti ń rùn. Ti ajá ṣì ń dán, ó pọ́n yòò bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e.

Mervyn fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹran yìí ò mọ̀ pé òun ti kú."

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn," ni Noeline wí.

Nígbà tó gbé àwo méjèèjì dé ọ̀dọ̀ dókítà, Nugget ti ń dúró, ó ti ń jẹun. Àmọ́ ọrùn rẹ̀ kò tọ́ mọ́, dókítà sì sọ pé ó lè má tọ́ mọ́ láéláé.

"Oògùn kan ni wọ́n fi ń pa ẹran náà mọ́, ìyá. Sọ́fáítì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń pa fítámì kan tí ọpọlọ ajá ò lè ṣe láìsí rẹ̀."

"Bí mo bá po oúnjẹ mìíràn mọ́ ọn ńkọ́?"

"Á pa fítámì inú ìyẹn náà. Inú àwo kan náà ni wọ́n jọ wà."

"Kí ló dé tí kò sí nínú tiwa?"

"Òfin ò gbà á nínú ẹran lílọ̀ tútù tí ènìyàn ń jẹ. Ó gbà á nínú ti ẹranko. Ká tiẹ̀ ní kò sí oògùn nínú ẹ̀, ẹran nìkan ò tó ajá. Egungun ń béèrè tiẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń béèrè tiẹ̀. Ẹ wá oúnjẹ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó pé, pé ó sì bá ọjọ́ orí ajá mu. Kóró tí ẹ ń pè ní igi yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ pé. Ẹ lè fi ẹran díẹ̀ tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ alápatà mú kó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà, ẹ má fún un ní èso àjàrà, ẹ má sì fún un ní egungun tí ẹ ti sè, torí ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó tó lè gún un nínú."

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹran fún ajá ni Noeline gbà lọ.

"Ṣé o ń fi sọ́fáítì sínú ẹran yìí?"

"Mò ń fi sí i," ọkùnrin náà dáhùn, kò tiẹ̀ yíjú. "Ẹ ò bi mí rí."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ìyá, ìgbà kan wà tí mi ò fi sí i. Ẹran náà dúdú, ẹ̀yin gan-an lẹ dá a padà fún mi. Ẹ ní ó ti bàjẹ́."

Noeline rántí. Òótọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, ojú wa la fi ń ra oúnjẹ tí ajá ń fi ikùn jẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ẹran náà. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà èròjà kankan láti 220 dé 228, oògùn yẹn ló wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Bí ajá yín bá ń ṣẹ́ oúnjẹ kù, tó ń bì, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ má rà sí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìgbà tí abẹ́rẹ́ fítámì ṣì lè ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ kọjá. Ajá kò lè bi ẹni tó ń ta ẹran ní ìbéèrè. Àwa la lẹ́nu.