Òjò Ẹnu Kifayah

"Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọba inú oko, ẹ hẹ̀n-ẹ́n, ẹ fetí sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Múyì, olùkọ́ Jọ́gíráfì, dá ṣọ́ọ̀kì dúró lára pátákó. Ó wo ojú fèrèsé, ó wo abẹ́ tábìlì, ó tún tọ́ àpò ara rẹ̀ wò bóyá fóònù rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn Akíntáyọ̀ ni, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fáwọn àgbẹ̀ lórí rédíò n'Ìbàdàn ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti Lálúpọn dé abúlé Ìdí-Ìyeyè, kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn náà. Ó nípọn bí ẹ̀kọ tútù, ikọ́ kékeré kan sì máa ń gúnlẹ̀ sáàárín rẹ̀ bí òkúta inú ẹ̀wà.

"Kifayah," ni Ọ̀gbẹ́ni Múyì wí láìbojú wẹ̀yìn, "dìde."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kifayah dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló wà nínú ọ̀fun rẹ̀. Ó lè sín bí ọ̀gá ilé ìwé. Ó lè lé ewúrẹ́ bí Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, tí ewúrẹ́ á sì sá lóòótọ́.

"Nígbà tó o ti gbaṣẹ́ rédíò, ó yá, sọ fún wa. Kí ló dé tí òjò ò mọ àsìkò ẹ̀ mọ́?"

"Èéfín ni, sà," Kifayah dáhùn. "Èéfín ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀, igbó tá à ń sun, epo tí wọ́n ń jó káàkiri àgbáyé. Ó lọ bo ayé bí kúbùsù. Ooru oòrùn ń wọlé, kò wá rójú jáde tán mọ́."

"Kúbùsù nínú ooru yìí?" Jìmí sọ láti ẹ̀yìn. "Ayé á làágùn pa."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Múyì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ó ti ń làágùn, Jìmí. Òkun ń gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá fún wa ń ṣìnà. Lásìkò yìí, òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tan àgbẹ̀ jáde, á wá padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbìn sórí àkọ́rọ̀ òjò, irúgbìn ẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́ yẹn."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lánàá.

Nígbà tí wọ́n jáde nílé ìwé, Kifayah àti Jìmí jókòó sábẹ́ igi ìyeyè tó wà láàárín abúlé. Fóònù bàbá Jìmí wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba iná sí fóònù ni. Bàbá Sàníù ni bàbá rẹ̀, alága àwọn àgbẹ̀ Ìdí-Ìyeyè, ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Àwa ọmọdé lo lè tàn," ni Jìmí wí. "Kó o tó wúkọ́ tán, bàbá mi á ti mọ̀ pé ìwọ ni."

"Bàbá ẹ tí kì í mọ ohùn ìyàwó ẹ̀ lórí fóònù?"

"Ṣe é ká rí i. Fi ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ lórí Wáàsáàpù. Tí wọ́n bá ti gbé e mì, a ó sọ fún wọn pé ìwọ ni."

Ilẹ̀ ṣì ń rùn rere láti ara òjò àná. Ẹnu Kifayah ń yún un. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Múyì sọ sí i lọ́kàn, ó ní kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú Jìmí ń dán, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n ti rín dè ọ́ sì ṣòro láti kọ̀. Ó gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọba inú oko, ẹ hẹ̀n-ẹ́n. Òjò ti dé o, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́. Ẹni tó bá ní irúgbìn, kó gbé e lọ sóko. Ẹni tó bá ń dúró, ara rẹ̀ ló ń dúró dè."

Ó lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Jìmí fi yí nílẹ̀. Kifayah ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ èkejì, kó ní eré ni, ni ọ̀kadà Bàbá Sàníù bá dún lẹ́yìn wọn. Jìmí dọ̀bálẹ̀, Kifayah kúnlẹ̀, Bàbá Sàníù sì gba fóònù rẹ̀. Kò tíì tì í bọ àpò tó fi dún.

"Alága, ẹ ṣeun o," ni ẹnìkan ń pariwo nínú rẹ̀. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Bí kì í bá ṣe yín, ta ni ì bá sọ fún wa?"

Bàbá Sàníù wo fóònù. Ó wo ojú ọ̀run. Kò mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá tún fìlà ṣe.

"Èmi ni mo fi ránṣẹ́ o," ó wí. "Mo ní kí n má dá a gbọ́."

Kifayah wo Jìmí. Jìmí dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò dìde.

Nígbà tí Kifayah délé, Ìyá Àgbà ti dúró lórí àga nínú ilé ìdáná. Orí ààrò ni wọ́n ń so irúgbìn àgbàdo kọ́, kí èéfín má bàa jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Àgbàdo náà funfun, ó kúrú, ó dùn. Ìyá tó bí Ìyá Àgbà ló gbé e wá láti ilé rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, lọ́dọọdún ni wọ́n ń so òmíràn rọ̀.

"Ó yá, gbà á lọ́wọ́ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Ara mi ní kí n dúró o. Òjò kan ò tó gbẹ́kẹ̀ lé láyé tá a wà yìí. Ṣùgbọ́n Akíntáyọ̀ kì í parọ́."

"Ìyá Àgbà," ni Kifayah wí.

"Kí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó kan eyín. Ó rò ó bí ojú Ìyá Àgbà ṣe máa rí, ó sì rò ó bí Bàbá Sàníù ṣe máa kígbe.

"Ẹ rọra, kẹ́ ẹ má ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di àga mú."

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo Ìdí-Ìyeyè ló wà lóko. Nígbà tí Akíntáyọ̀ gan-an máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ Ajé, tó ní kí àwọn àgbẹ̀ ṣe sùúrù, kí wọ́n má tíì gbìn, gbogbo irúgbìn ti wọlẹ̀.

"Ó sọ tàná, ó tún sọ tòní," ni Bàbá Sàníù wí. "Ẹlẹ́nu méjì."

Àgbàdo kọ́kọ́ hù dáadáa, ó yọ etí méjì méjì bí ehoro inú koríko. Ni ojú ọ̀run bá tì pa, òjò ò rọ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ní òjò ń sinmi ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ń bọ̀. Nígbà tó pẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan mọ́. Ewé àgbàdo ká jọ bí ẹní, ilẹ̀ là, odò fà sẹ́yìn títí àwọn òkúta tí Kifayah kò rí rí fi yọrí jáde.

Ẹ̀rù ń ba Kifayah. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ lójú ọ̀nà, yóò fò. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, ewúrẹ́ sì wá ń ṣe bó ṣe wù wọ́n.

"A ò ṣe sọ fún wọn?" ó bi Jìmí.

"Tó o bá sọ ọ́, bàbá mi á pa mí, Ìyá Àgbà ẹ á pa ọ́. Òkú méjì lórí ọ̀rọ̀ kan. Dákẹ́."

Kifayah gbà fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Sàníù pe ìpàdé sábẹ́ igi ìyeyè. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọ̀gbẹ́ni Múyì ní èéfín ọwọ́ ọmọ aráyé ni, pé ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń pè é.

"Àwa ta ò ní ju ọ̀kadà lọ?" bàbá kan bi í. "Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń rú èéfín, àwa ló wá ń wúkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n orí wa náà ni òjò ẹ̀ ń rọ̀ sí."

"Tàbí tí kì í rọ̀ sí," ni ẹnìkan fèsì, àwọn díẹ̀ sì rín ẹ̀rín tí kò dénú.

Ibi tí wọ́n dé rèé tí ọ̀kadà kan wọlé láti ọ̀nà Lálúpọn. Ọkùnrin kúkúrú kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n gbé àga fún un, ọmọkùnrin kan sì bu omi wá.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa," ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, "ẹ hẹ̀n-ẹ́n..."

Ife bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó bu omi.

Kí ọkùnrin náà tó rójú sinmi, wọ́n ti yí i ká. Ẹnìkan yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Ẹnìkan di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," Akíntáyọ̀ wí, "alága yín ló pè sílé iṣẹ́ wa, tó ní màá rí màbo. Mo ní kí n wá fúnra mi. Èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ gbìn."

Bàbá Sàníù tẹ fóònù. Ohùn náà jáde, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀, láìkù síbì kan.

"Ta wá nìyẹn? Ìbejì ẹ?"

Akíntáyọ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ sì ràn. "Ohùn mi ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá kan tí oko rẹ̀ ti gbẹ láìku ewé kan gbé èèkù ọkọ́ sókè. Kifayah wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, ó di ìró rẹ̀ mú. Ó rí i pé wọ́n máa lu ọkùnrin yìí, wọ́n sì lè lù ú pa. Ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ ò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ó ti fi ohùn ẹlòmíràn ṣeré tó bẹ́ẹ̀ tí tirẹ̀ fi sá lọ lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ọ̀fun rẹ̀, òun náà ló sì jáde.

"Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Òun kọ́ ló sọ ọ́."

Gbogbo èèyàn wo ẹnu Akíntáyọ̀. Ẹnu náà pa dé. Èèkù ọkọ́ dúró lókè. Wọ́n wá yíjú pa dà díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ojú fi dúró sórí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Bàbá tó gbé èèkù ọkọ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá yíjú sí Bàbá Sàníù.

"Alága, ṣebí ẹ ní ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́?"

Bàbá Sàníù tún fìlà ṣe. Fìlà kọ̀, kò jókòó. Ó wo Jìmí, Jìmí sì ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

Akíntáyọ̀ kò bú Kifayah. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Sọ ọ́ sínú fóònù yẹn fún gbogbo wọn," ó wí. "Ohùn tìrẹ ni kó o fi sọ ọ́." Kifayah sọ ọ́. Ohùn kékeré ni, ó ń wárìrì. Ó ya àwọn ará abúlé lẹ́nu, nítorí wọn ò gbọ́ ohùn ọmọ náà gan-an rí.

Ìyá Àgbà mú un lọ sílé. Kò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Ó wọ ilé ìdáná, ó wo okùn tó so lófìfo lórí ààrò.

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ò rí i jẹ tán," ó wí. "Eku ò rí i jẹ tán. Ìyá mi gbé e fún mi, èmi fẹ́ gbé e fún ẹ. Ẹnu ẹ ló jẹ ẹ́, Kifayah. Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Láti ọjọ́ náà, kí Kifayah tó lọ sílé ìwé, á ti ru omi láti inú ìwọ̀nba odò tó kù, á máa bù ú sídìí àwọn àgbàdo tí kò tíì kú tán. Jìmí náà ń ru tirẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kú. Ìwọ̀nba tó yè gbó láìtóbi, Ìyá Àgbà sì so wọ́n kọ́ sórí ààrò. Kò kún ọwọ́ kan.

Lọ́jọ́ tí òjò wá dé lóòótọ́, ọ̀sán ni. Àrá sán lẹ́yìn ilé. Bàbá Sàníù yọjú jáde, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ilé Ìyá Àgbà.

"Kifayah," ó pariwo, "ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?"

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Kifayah kò lè rín in. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na àtẹ́lẹwọ́ síta títí omi fi kán sí i. Òjò ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá yóò dúró? Ojú ọ̀run tí àwọn baba wọn mọ̀ ti ń yí pa dà, kò sì bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ mọ́. Òótọ́ tí a bá ń sọ fún ara wa nìkan ló kù tí a lè fi mọ ìgbà tí a ó gbìn. Bí ojú ọjọ́ bá ń tan ni jẹ, tí ẹnu ọmọ ènìyàn tún ń ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ òfìfo ni a ó máa na sí okùn orí ààrò.