Kúnú Ìyá Rájí

Omi tí abẹ́rẹ́ bá lé jáde lára àbúrò mi láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti padà síbẹ̀. Raliat ni mò ń sọ, tó bímọ lọ́dún òmìnira ní Saria níbí, tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ wú. Dọ́kítà ní bí omi náà bá fi lè mu àyà rẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀, ká má tíì sọ ti káún. Ọmọ tuntun wà lẹ́yìn mi, ó ń ké.

Nọ́ọ̀sì Susanna bá wò mí lójú, ó ní èmi ni mò ń jí iyọ̀ gbé wọlé. Èmi! Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ àtẹ́ tí ẹlẹ́wọ̀n ò ní jẹ! Mo ní kó tọ́ abọ́ mi wò. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé abọ́ náà padà fún mi.

Mo wá bi Raliat. Ó rọra fèsì pé, "Ìyá kan ló ń gbé kúnú wá lọ́sàn-án. Ó ń pè mí ní ìyàwó òun. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì ní ọmọńdinrín."

Kúnú oníkáún ni, irú èyí tí wọ́n ń fún abiyamọ mu ní Saria. Kò sẹ́lòmíì tó rí ìyá kankan ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n mo rí káún tó gbẹ mọ́ etí kọ́ọ̀pù rẹ̀, mo tọ́ ọ lá, orí mi wú. Ìyá Rájí, ìyá ọkọ rẹ̀, ni kò ní ọmọńdinrín. A sì ti sin ín kí Raliat tó wọlé ọkọ.

Mo gbọ̀nà Tukur-Tukur lọ síbi tí Rájí ti ń ránṣọ. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní nígbà tí kò sí ìyá tí yóò tọ́jú abiyamọ òun, òun lọ bẹ ìyá òun níbi sàárè.

"Haba, Rájí! Mùsùlùmí bíi tìẹ? Èmi wà láàyè, òkú lo lọ bẹ̀ níṣẹ́! Ohun tó mọ̀ láyé náà ló ń ṣe, òun náà ló sì ń pa àbúrò mi. Padà lọ sọ fún un kó fi í sílẹ̀."

Ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni abẹ́rẹ́ ti ń ràn. Raliat tọ omi náà dànù, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, ó gba ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ tí a ń mú un lọ sílé, Rájí gbé ẹrù díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi í pé kí ló sọ níbi sàárè gan-an.

"Mo ní kó fi ìyàwó mi sílẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tọ́jú èèyàn ni, èmi ọmọ rẹ̀ nìyí."

Mo wolẹ̀. Ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ inú ẹ̀ mọ́.