Irọ́ Tí Gbénró Pa Lásìkò Ọyẹ́

Ọyẹ́ ọdún náà mú kọjá ààlà ní Alápẹ̀rẹ̀. Eruku bo gbogbo òrùlé, ètè ń là, tọmọdé tàgbà ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n Gbénró, tó ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní Owódé Onírin, kò ka ọyẹ́ sí. Ògógóró ló fi ń ṣínu láràárọ̀, sìgá ló sì ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Keziah, ọmọ ọdún márùn-ún. Ásímà ń dà á láàmú. Bí òtútù bá ti dé, èémí ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀: "Ẹ má jẹ́ kí èéfín dé ibi tó wà. Tí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi aṣọ bò ó nímú kó tó jáde. Ìnhélà tó ń fi sẹ́nu fà kó lè mí kò sì gbọdọ̀ tán nílé."

Oyin ìyàwó Gbénró di ìkìlọ̀ yìí mú. Ẹ̀rín ni Gbénró fi ṣe ní tirẹ̀. "Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa kọ́ mi bí màá ṣe gbé nínú ilé mi ni?"

Onígbàgbọ́ kan wà ládùúgbò wọn, Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ọlá, tó máa ń bá a sọ̀rọ̀. "Gbénró, ibi tí o kò mọ̀ ni ọtí yìí ń gbé ọ lọ. Jésù lè tú ọ sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jayé orí mi ná."

Ní Ọjọ́rú kan, Oyin sọ fún un pé, "Dádì Keziah, ìnhélà ti tán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra òmíràn bọ̀." Gbénró gbà. Ṣùgbọ́n ilé ọtí ló yà sí, ó sì gbàgbé. Nígbà tí Oyin bi í ní ìrọ̀lẹ́, ojú tì í láti jẹ́wọ́.

"Mo ti rà á. Ó wà nínú mọ́tò."

Irọ́ kékeré ni lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyin lọ ra ata ní Mile 12. Gbénró tan sìgá nínú yàrá tí wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí òtútù. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ súfèé náà. Keziah ti dìde jókòó lórí ibùsùn, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Dádì, ẹ bá mi mú ìnhélà mi."

Gbénró tẹ sìgá ọwọ́ rẹ̀ pa.

"Ẹ ní ó wà nínú mọ́tò."

Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń retí. Nígbà tó yá, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ ń dúdú lọ bí aró.

Gbénró gbé e jáde sínú eruku, ó ń pariwo. Ó ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò, kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ọlá ló sáré jáde, òun ló wa mọ́tò náà gbé wọn dé ọsibítù ní Ketu. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Tó bá yè, mi ò ní mutí mọ́ láyé."

"Má bá Ọlọ́run nájà, Gbénró. Bí ọmọ yìí bá yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Bí kò bá yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ni ọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo nílò Olùgbàlà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un wọ egungun. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì lójú gbogbo ènìyàn. "Jésù Olúwa, irọ́ ni mo pa. Ìgbéraga mi ló gbé ọmọ mi dé ibí. Ṣàánú mi, ìbáà yè, ìbáà má yè."

Ilẹ̀kùn kò tíì ṣí nígbà tí Oyin, tí aládùúgbò kan ti pè lọ́jà, sáré dé. Gbénró kò wá àwáwí. "Oyin, mi ò rà á. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Oyin wò ó. Ó lọ jókòó síbi tó jìnnà sí i.

Ó tó wákàtí kan kí dókítà tó jáde. "Ó ti ń mí dáadáa. Ká ní ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ."

Ọjọ́ kẹta ni Keziah padà sílé. Láti ọjọ́ náà, ọtí kò kan Gbénró lẹ́nu mọ́, èéfín kò sì wọ ilé rẹ̀. Olúwa ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí Oyin tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Gbénró kò bá a jà sí i. Ó mọ ohun tó ṣe.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ ń fi pa mọ́? O lè má mutí. Ó lè jẹ́ àgbèrè, ó lè jẹ́ oògùn tí o so mọ́ ìdí, ó lè jẹ́ ọkàn líle. Ọlọ́run rí i. Jésù sì ti kú nítorí rẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì jẹ́wọ́ fún un kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀. Ta ló fi dá ọ lójú pé wàá rí ọ̀la?