Ojú Tí Olorì Tinúadé Yà

Ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ ni Fàúsát, ọmọ ọdún mẹ́fà, kú ní Òkè-Ìrókò, abúlé tó wà lẹ́yìn Àgídìngbì. Kò ṣàìsàn. Lọ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ funfun lẹ́nu, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, kí wọ́n tó kírun Alásárì ó ti lọ. Ní ọjọ́ kẹta ikú rẹ̀, ìyá arúgbó Sùlíyá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹfà, ó kan Sàídátù tòun ti oyún inú rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tinúadé ló ya ojú wọn.

Olorì kékeré ni Tinúadé, ọmọ ogún ọdún, ọmọ alárìnjó láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú agbo eré ni Ọba Adésànyà ti rí i. Nígbà tó dé ààfin, kò sí ògiri tí kò fi èédú àti ẹfun ya nǹkan sí. Lọ́dún 1956 yìí, ó fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣeré lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ojú àwọn ará abúlé ló sì ń yà sára aṣọ ńlá tí wọn yóò ta sẹ́yìn eré náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú òun wà níbẹ̀ yóò jókòó síwájú ààfin láti àárọ̀ di ọ̀sán.

"Ẹyẹ kan ké lórí òrùlé mi lánàá," ni Sìlífátù, olorì àgbà, sọ níwájú ọba àti gbogbo èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n sin Sàídátù. "Ohùn obìnrin ló fi ké. Ẹni tó ti mú ojú ẹni, kí ló kù tí kò ní mú?"

"Ìyáálé mi, ojú tiyín náà wà níbẹ̀," ni Tinúadé fèsì. "Mo tiẹ̀ yà yín rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò sì kú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló bí Àlàmú, ọkọ Sàídátù, nínú. Ó gbé ọmọ odó, ó fi gbá ọwọ́ ọ̀tún Tinúadé. Gbogbo wọn gbọ́ bí egungun náà ṣe dá. Wọ́n fa aṣọ eré ya, wọ́n sun ún, wọ́n fi irun orí wọ́ Tinúadé gba orí eérú rẹ̀ tó ṣì gbóná.

Ọba kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ po eérú àwòrán náà mọ́ omi kó mu ún. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, yóò yè."

Sìlífátù fúnra rẹ̀ bu omi nínú àgbá irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ra àgbá náà ní Ìkẹjà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po oògùn kòkòrò. Ó fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ ọ́ di omi àlejò. Àmù tí àwọn ará ààfin ń mu wà nínú ilé.

Igbá ti kan ètè Tinúadé nígbà tí Làsísì káfíńtà, tó ń kan pẹpẹ eré, dì í mú.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ni Olorì yà, mẹ́ta ló kú. Ọmọdé, arúgbó, aboyún. Àwọn tí kì í gbààwẹ̀ ni. Inú oòrùn kan náà ni gbogbo wa jókòó sí. Àwọn nìkan ló mu omi yìí."

"Omi tèmi ló wá di àjẹ́?" ni Sìlífátù wí. "Àbí o ti ń bá a sùn ni, káfíńtà?"

"Olorì àgbà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ewúrẹ́ mu."

"Ewúrẹ́ kọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni yóò mu ún."

"Ìyáálé mi, ẹ má mu ún," ni Tinúadé ń bẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀.

Sìlífátù kò tíì já ààwẹ̀ rí láti ogún ọdún. Ó já a níbẹ̀, ó gba igbá, ó mu omi náà tán, ó da igbá délẹ̀, ó sì ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Itọ́ funfun bo àyà rẹ̀.

Àlàmú fi ọmọ odó lu àgbá náà bí ẹni lu ejò, títí ó fi ya, tí omi fi ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń sá. Tinúadé rá lọ, ó fi ọwọ́ òsì gbé orí ìyáálé rẹ̀ sórí itan.

Sìlífátù di ìró Tinúadé mú. "Ìyàwó," ó ní, "Fàúsát ní omi náà tutù. Mo tún bù fún un lẹ́ẹ̀kejì."