Ìyá Tó Ń Dìde Nínú Pósítà

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nípa ọkùnrin náà ni pé ó ní kí ojú ìyá òun má hàn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Èèyàn ń wá ìyá ẹ̀ tó sọnù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án gangan, ó yọ fọ́tò àtijọ́ kan lápò, ó ní ká fi ṣe pósítà, àádọ́ta péré, dúdú àti funfun, lórí bébà tó fẹ́lẹ́ jù lọ. Pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ èmi àti ọkọ mi gan-an, ṣùgbọ́n a máa ń tẹ pósítà àti àpòòwé fún àwọn tí kò nílò púpọ̀, torí àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá kì í dá wọn lóhùn. Owó pọ́ọ́kú là ń gbà. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń ná an, ó ń ná an, títí ọkọ mi fi sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀dínwó. Ojú ò tì í rárá.

Mo gba fọ́tò náà wò, ó ti pupa rúsúrúsú. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lórí àga onígi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Mo bi í bóyá kò ní fọ́tò tó tuntun ju èyí lọ. Ó ní ìyá òun ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ya òun. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n rí ìyá kẹ́yìn, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó ní òun tún fẹ́ àpòòwé, ká tẹ àdírẹ́sì ilé òun sí igun ẹ̀, kí òun lè fi pósítà náà ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì mélòó kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wá ìyá òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o. Kò ní kí wọ́n lè bá òun wá a.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ káńtà, mo bá panu mi dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi tẹ iṣẹ́ náà. Èmi ni mo máa ń to bébà jọ kí n tó dì í. Bí yíǹkì ò bá tíì gbẹ dáadáa, bébà á máa lẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, èèyàn á di etí gbogbo ẹ̀ mú pọ̀, á wá fi àtàǹpàkò tú wọn sílẹ̀ kíákíá, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè wọ àárín wọn. Mo tú wọn fìrìrì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá inú fọ́tò gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún.

Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Mo tún un ṣe. Ìyá gbé ọwọ́ kúrò, ó dìde, ó yíjú padà, ó ń lọ síbi ilẹ̀kùn. Mo fa bébà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ. Àga ti ṣófo. Ìyá ti kẹ́yìn sí mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀kùn náà.

Mo rọra pe ọkọ mi. Ó lọ wo kọ̀ǹpútà, ìyá jókòó síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá gba bébà lọ́wọ́ mi, òun náà tú u. Lọ́tẹ̀ yìí a gbọ́ ìró. Ó ń dún jìnnà, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ gbá pákó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ti kú, kò sí ẹlòmíì nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ mi ò lè gbóhùn sókè. Ó ní, "Ó fẹ́ ká ṣílẹ̀kùn yẹn."

Inú tó bí mi nígbà náà borí ẹ̀rù. Mo ní ọmọ yìí ti pa ìyá ẹ̀, ó sì tún wá ń ná owó pósítà ẹ̀ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ṣebí àdírẹ́sì ẹ̀ wà lára àpòòwé. Ọkọ mi ju ayùn tá a fi ń gé irin pátákó sínú àpò, a di pósítà náà bíi pé iṣẹ́ la fẹ́ gbé fún un, a gbọ̀nà ilé ẹ̀.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó ní òun ò sọ pé ká gbé e wá. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn inú fọ́tò náà wà, ọnà ara ẹ̀ pé pérépéré, àfi pé wọ́n ti fi àgádágodo tuntun há a. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, a wọlé.

Ó ń tẹ̀ lé wa, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí o."

"Èmi náà ti di ẹbí lónìí," mo dá a lóhùn.

Ó ní òun á pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè wọ́n, ṣebí ó ti ní àpòòwé tó fẹ́ fi kọ̀wé sí wọn. Ọkọ mi rẹ́ àgádágodo náà títí ó fi já.

Òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ìyá kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ètè ẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó ń mí. Mo sáré wá omi, mo gbé orí ẹ̀ sórí itan mi, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìyá inú pósítà. Ojú tinú pósítà gùn, tèyí rí roboto.

Ó bi mí bóyá obìnrin tó ń kanlẹ̀kùn láti àárọ̀ ti wọlé. Mo ní àwa nìkan ni. Mo fi pósítà hàn án, ó fọwọ́ pa ojú fọ́tò náà.

"Màmá mi rèé," ló sọ. "Wọ́n ti kú kí n tó lóyún ọmọ yìí. Ilé mi yìí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Háà! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ọmọ yìí ti ìyá ẹ̀ mọ́lé kí ilé lè di tirẹ̀, ó wá lọ gbé ojú ìyá ìyá ẹ̀ tó ti kú sórí bébà, kó lè jẹ́ pé gbogbo ayé á máa wá ẹni tí kò sí láyé mọ́. Bí ìyá tilẹ̀ bọ́ síta, ta ni yóò dá a mọ̀? Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo bú u, mo ṣẹ́ èpè fún un, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí dòní.

Ó yí padà, ó fẹ́ sá jáde. Ilẹ̀kùn àbájáde tá a fi sílẹ̀ gbayawu ti pa dé. Ó fà á, kò ṣí. Ó fi èjìká tì í, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ẹnì kan dá a lóhùn láti ìta, ohùn àgbàlagbà obìnrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta lò ń wá?"

Ọwọ́ ẹ̀ dúró sára ilẹ̀kùn. Ohùn náà tún bi í léèkan sí i. Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ láti lọ ràn án lọ́wọ́, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá orí itan mi di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ ibi tó ti rí agbára yẹn.

"Ẹ má ṣí i," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó dá màmá mi lóhùn."

Ọkọ mi padà wá jókòó tì wá.