Ìmísí Kò Ní Kù Sẹ́yìn

Abísọ́lá tú àpò ẹrù Ìmísí, ó tún un dì, ó tún tú u. Àbdùssàlàm, ọkọ ẹ̀, ti fi owó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ nílùú òyìnbó, ìjọba ibẹ̀ sì ti ní kó kọ̀wé mú ìyàwó àti ọmọ wá. Ti ìyàwó ò ṣòro. Ti ọmọ ni wàhálà.

Àbúrò Abísọ́lá ló bí Ìmísí, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni Abísọ́lá ti ń tọ́ ọ bí ọmọ ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ nílé wọn ní Fante New Town, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Twi. Ta ló máa wojú ọmọ táá ní, "Ìyá ẹ kọ́ nìyí"?

Kofi, ajẹ́ńtì tó ń bá wọn ṣètò ìwé ìrìn-àjò, ń rẹ́rìn-ín. "Màámà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i. Mo máa bá yín wá ìwé ọjọ́ ìbí. Ṣèbí ọmọ yín ni?"

"Ọmọ mi ni." Abísọ́lá ti mú bíìrò.

Tolúwani, lọ́yà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́, tó wá dá ìkòkò padà, ní, "Àǹtí, ẹ gbé bíìrò yẹn sílẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ ẹni tó bí i. Ẹ̀jẹ̀ ò ní bá yín parọ́. Wọ́n lè kọ̀ láti fún ẹ̀yin àti ọmọ níwèé, kó tún ran ọkọ yín."

"Lọ́yà, o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́," Kofi ní.

"Ọmọ ènìyàn lo pè lọ́jà?"

Abísọ́lá ní, "Ká má dárúkọ ẹ̀ ná, ká padà wá mú un ńkọ́?"

"Ìyẹn náà burú. Ọmọ tẹ́ ẹ fi pamọ́ lónìí, wọ́n lè ní àwọn ò gbà á lọ́la. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tíjọba fi ṣe alámòójútó ọmọdé, kí ilé ẹjọ́ gíga fún yín níwèé pé ọmọ yín ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ tẹ́ ẹ gbà."

"Wọ́n á bi Ìmísí léèrè?"

"Wọ́n lè bi í."

Abísọ́lá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Ìmísí ti ilé ìwé dé, Abísọ́lá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, pé àbúrò òun ló bí i, kò fi nǹkan kan bò. Ọmọ náà ń wo àpò ẹrù.

"Màámi, me ne wo bɛkɔ?" Ó ń béèrè ní Twi bóyá wọ́n jọ máa lọ.

"A jọ máa lọ ni. Ilé ẹjọ́ la máa kọ́kọ́ lọ. Ó lè pẹ́, àmọ́ mi ò ní lọ láìsí ẹ."

"Ẹ yọ aṣọ ilé ìwé mi níbẹ̀ nígbà náà. Mo máa wọ̀ ọ́ lọ́la."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọmọ tọ́, ìfẹ́ yín tó, ìwé ni ò tó. Ẹ lọ sílé ẹjọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé ìrìn-àjò. Òfin ìlú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ọjọ́ orí ọmọ sì lè kọjá ohun tí wọ́n ń gbà, torí náà ẹ tètè bi lọ́yà gidi. Ajẹ́ńtì tó bá ní kẹ́ ẹ parọ́, ẹ ní kó máa lọ. Kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ fọ́mọ, kí àjèjì tó sọ fún un.